Ọ̀bẹ Àpò Oníṣẹ́-Púpọ̀

Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá dákẹ́ lóru ní ìlú Festac, ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe yóò kọ́kọ́ máa wá irin iṣẹ́ kiri. Yóò wá irin tí a fi ń yí sukúrù, yóò wá ẹ̀mú, yóò sì wá ọ̀bẹ tí yóò fi bó ara okùn iná. Kí ó tó rí ọ̀kan, òmíràn a ti sọnù. Irú ìnira báyìí ni ó bí ọ̀bẹ àpò, èyí tí a ń ká irin iṣẹ́ púpọ̀ sínú èèkù rẹ̀, bí ìgbín ti ń ká ara rẹ̀ sínú ìkarahun.

Ilẹ̀ Swítsàlandì ni òkìkí ọ̀bẹ yìí ti kàn jù lọ. Ní ọdún 1884, Karl Elsener, ẹni tí ń rọ ọ̀bẹ, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ibach. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba fẹ́ fún ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀bẹ tí yóò fi ṣí agolo oúnjẹ, tí yóò sì fi tú ìbọn rẹ̀ palẹ̀. Ohun mẹ́rin péré ni ó wà lára rẹ̀: ojú ọ̀bẹ, ìlu, irin ìṣí-agolo àti irin ìyí-sukúrù. Solingen ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rọ ọ́, nítorí kò sí ilé iṣẹ́ Swítsàlandì tí ó lè rọ iye tí a ń fẹ́. Ní 1891 Elsener bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ fún àwọn ọmọ-ogun, ṣùgbọ́n ti Jámánì dínwó jù ú lọ, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọ̀bẹ mìíràn ni ó yọ ọ́. Ní 1897 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀bẹ fífúyẹ́ kan fún àwọn ọ̀gá ológun. Ó fi ojú ọ̀bẹ kékeré kan kún un, àti irin lílọ́ tí a fi ń fa èdídí ìgò ọtí. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni sípíríǹgì inú rẹ̀. Sípíríǹgì kan náà ni ó di irin iwájú àti irin ẹ̀yìn mú, nítorí náà ọ̀bẹ náà gba irin púpọ̀ sí i láìnípọn. Ìjọba kò pín in fún àwọn ọ̀gá náà. Owó ara wọn ni wọ́n fi rà á. Nígbà tí Victoria, ìyá Elsener, kú ní 1909, ó fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1921, nígbà tí irin tí kì í dípẹtà dé, wọ́n fi “inox” kún un, ó sì di Victorinox.

Títí di òní, ohùn àwọn tí ó fẹ́ràn irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní bí irin rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ó ti di ẹrù. Wọ́n a tọ́ka sí ọ̀bẹ kan tí ilé iṣẹ́ Wenger ṣe, tí ó ní irin 87 fún iṣẹ́ 141. Àpò wo ni yóò gbà á? Àwọn mìíràn a bèèrè pé kí ni ọ̀bẹ lè tún ṣe láìsí ẹ̀mú. Tim Leatherman, ará Amẹ́ríkà, ni baba àwọn wọ̀nyí. Ní 1975 ó ń fi ọkọ̀ ògbólógbòó rìn kiri Yúróòpù. Ọkọ̀ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀bẹ àpò rẹ̀ kò sì ní ẹ̀mú. Ní 1983 ni tirẹ̀ dé ọjà. Ẹ̀mú ni ó fi ṣe olórí. Inú apá ẹ̀mú ni ọ̀bẹ sá sí. Ẹni tí ń tún iná ṣe yóò gbè sẹ́yìn Leatherman, ṣùgbọ́n ti Elsener tó ẹni tí ń bó ọsàn tàbí tí ń gé okùn àwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ ni ó le jù. Ọ̀bẹ ti àtijọ́ kò ní ìdè. Bí a bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún nǹkan líle, ó lè ká padà lé ìka. Àwọn tí ń ṣọ́ àṣà ní ẹni tí ó mọ ọ̀bẹ lò kì í gún un bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun Swítsàlandì kò bá wọn jiyàn púpọ̀: ọ̀bẹ tí wọ́n gbà ní 2008 ní ìdè, ó ní ayùn, a sì lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí i. Irin ìfa-èdídí kò sí lára rẹ̀, kò sì sí lára ọ̀bẹ ọmọ-ogun rí.