Ilé Àyágbé Olówó Pọ́ọ́kú: Ta Ni Ó Ń San Ìyókù?

Agbo ilé tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ń gbé ilé àyágbé ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní ìlú ńlá mìíràn ṣọ̀wọ́n ní ìgbèríko wa lónìí. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sílé ọdún, ọ̀rọ̀ owó ilé kì í gbẹ́yìn nínú ohun tí ó ń ráhùn lé lórí. A sì ń gbọ́ lórí rédíò lemọ́lemọ́ pé ìjọba fẹ́ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ohun tí ń mú kí owó irú ilé bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì mọ ìdí rẹ̀ tí ilé tí owó rẹ̀ kéré fi lè di ẹrù wúwo lọ́rùn ẹni tí a kọ́ ọ fún.

Bí owó ilé ti ń wálẹ̀

Símẹ́ǹtì, páànù, irin àti owó iṣẹ́ bíríkìlà kì í wo ojú mẹ̀kúnnù kí wọ́n tó wọ́n. Nítorí náà, bí owó ilé kan bá kéré fún ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, ẹlòmíràn wà tí ń san ìyókù. Ẹni náà ni ìjọba. Owó tí ìjọba sì ń ná ni owó orí àti owó ibodè tí gbogbo ará ìlú ń dá jọ, tí àgbẹ̀ inú oko pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan là á yé ara wa. Ká ní a yá N6,000,000 láti kọ́ ilé kan sórí ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí a óò sì san owó náà padà láàrin ọdún 30. Ìpín ọdún kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ N200,000. Bí ẹni tí ó yá wa lówó bá ń gba èlé N5 lórí N100 kọ̀ọ̀kan lọ́dún, èlé ọdún kìíní yóò jẹ́ N300,000. Bí a bá ya N50,000 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe òrùlé àti ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ di N550,000 ní ọdún kìíní yẹn. Ẹni tí ń kọ́lé fún èrè kò lè gba ohun tí ó kéré sí èyí, kí ó má jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gba ẹrù èlé náà rù, N250,000 péré ni ayálégbé yóò san. N300,000 tí ó kù ni owó ìrànwọ́.

Irú ọ̀nà báyìí ni wọ́n tọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919, nígbà tí òfin kan gbé e ka àwọn ìgbìmọ̀ ìlú láyà pé kí wọ́n kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbà láti máa ran wọ́n lọ́wọ́ nínú owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí Peckham ní London ni ó ti gbé irú ilé ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Sùúrùlérè

Ní ilẹ̀ tiwa, Èkó ni a ti kọ́kọ́ rí ẹ̀kọ́ ńlá kọ́. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B., láti tún ìlú náà ṣe. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó gbé ètò ńlá kan kalẹ̀ ní ọdún 1955. Wọn yóò wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra lórí ilẹ̀ bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn Èkó, wọn yóò la títì tí ó gbòòrò síbẹ̀, kí òmìnira ọdún 1960 tó dé. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí a óò kó kúrò, ìjọba sì fi owó ìrànwọ́ dín owó ilé náà kù.

Ilé wọ̀nyí dára lójú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀, títì rẹ̀ tọ́, omi ẹ̀rọ sì wà. Òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, tí ó sì fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, rí ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn tí a kó lọ àti àwọn tí ó kù, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé dáradára yìí sọ di aláìní.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò san owó ilé rí. Ilé ẹbí ni wọ́n ń gbé, ilé tí bàbá ńlá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Bí owó ilé Sùúrùlérè ti wù kí ó kéré tó, gbèsè tuntun ni lójú ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí.

Ohun kejì ni iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn oníṣòwò tí oníbàárà wọn ń bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ní Ìsàlẹ̀ Èkó di ẹni tí ń gbé máìlì mélòó kan sí ọjà wọn. Owó bọ́ọ̀sì ń jẹ èrè wọn, àwọn ará àdúgbò tuntun kò sì pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lówó tó, láti máa ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn.

Ohun kẹta ni ẹbí. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún láti yàrá kan sí èkejì di ẹni tí ó ń retí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tí ń gba ibi iṣẹ́ bọ̀ yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ wá ń ka owó ọkọ̀ kí ó tó lọ.

Àwọn baba wa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilé tí ó há mọ́ra jẹ́ àìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwó o láìro ti iṣẹ́ àti ẹbí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn.

Kí a tà á ni, tàbí kí a yá a?

Láàrin ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sí Abẹ́sàn, Ìjàyè, Òkè-Afà, Amúwo àti ibòmíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó tà wọ́n fún àwọn ará ìlú ní owó tí kò ga. Ẹni tí ó rí ọ̀kan gbà di onílé títí ayé. Ìbùkún ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bẹ́ẹ̀ bá fi ilé rẹ̀ fún ayálégbé, iye tí ọjà bá pè ni yóò gbà. Owó ìrànwọ́ náà ti dé ọwọ́ ẹnì kan, kò ní lè dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù mìíràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí òfin ọdún 1980 fún àwọn ayálégbé ìgbìmọ̀ láyè láti ra ilé wọn ní ẹ̀dínwó.

Ilé tí ìjọba kò tà lè gba ìdílé kan lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àbójútó: kí a máa tún un ṣe, kí a sì rí i pé ẹni tí a fún kò yá a fún ẹlòmíràn ní owó gegere.

Ohun tí ó yẹ kí ayálégbé mọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò rí ilé ìjọba gbà. Ọwọ́ onílé lásán ni wọ́n wà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 là á kalẹ̀ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá gba àgbàjù àti ẹni tí ó bá san án ni wọ́n jọ rú òfin. Onílé gbọ́dọ̀ fúnni ní ìwé ẹ̀rí owó sísan. Bí ayálégbé bá ń san owó lọ́dọọdún, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn láàrin wọn, oṣù 6 ni onílé yóò fi ṣe ìkìlọ̀ fún un kí ó tó gba ilé rẹ̀. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti G.R.A. Ìkẹjà sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé a fẹ́ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú, ẹ má ṣe béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè bí ó ti jìnnà sí ibi iṣẹ́ tó. Ẹ béèrè ohun tí yóò kù lọ́wọ́ ayálégbé lẹ́yìn owó ilé àti owó ọkọ̀. Ẹ sì béèrè ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá kó jáde. Owó yín wà nínú rẹ̀.