Dókítà Tí Aláìsàn Kì Í Rí

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí títí dé Ṣakí ọmọ Àsábàrí, obìnrin tí kókó bá yọ sí lójú ara kì í yára là á jáde. Ìtìjú a dì í lẹ́nu, a máa pè é ní eéwo, a sì máa fi omi gbígbóná àti àgbo bá a fínra, títí ìjókòó yóò fi di ìnira fún un. Bí ó bá wá dé ilé ìwòsàn, dókítà tí ó wò ó lè pè é ní àpò omi, tàbí ọ̀rá tí ó dì, tàbí ìpá pàápàá, nítorí pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n ni patọ́lọ́jísìtì, dókítà tí ń fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹran ara wò, tí aláìsàn kì í sábà fojú kàn. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé ní 1957, ẹ̀ka wọn ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ láti nǹkan bí 1960. Kókó tí a bá gé ní Òkè-Ògùn, inú fọ́málínì tí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe inú omi. Wọn a rì í sínú ìda, wọn a ré e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí a bá to igba irú rẹ̀ lé ara wọn, kò ju mìlímítà kan lọ. Lẹ́yìn náà ni wọn a pa á láró.

Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù nínú àwọn kókó ojú ara obìnrin ni aggressive angiomyxoma, kókó ọ̀wọ́n tí Steeper àti Rosai kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1983 lára obìnrin mẹ́sàn-án. Kì í sábà ràn lọ sí ẹ̀yà ara mìíràn, ṣùgbọ́n a máa rá pálá wọ inú ìbàdí, tí èyí tí ojú rí lóde kò fi ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá pè é ní eéwo yóò gé orí, yóò fi ìdí sílẹ̀, kókó náà a sì tún hù, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà ni àwòrán MRI fi dára kí ọ̀bẹ tó kàn án. Àti nítorí pé họ́mónù obìnrin a máa bọ́ ọ, oògùn tí ń dín họ́mónù kù lè mú un súnkì. Angiomyofibroblastoma, tí a ṣàlàyé ní 1992, jọ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n òun ní ààlà, gígé kan sì sábà máa ń parí ọ̀ràn rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni kókó tí a gé tí a sì dà nù, nítorí pé owó àyẹ̀wò tún wọ́n, ìrora sì ti lọ. Mo rọ àwọn ọkọ àti ọmọ pé kí wọ́n san owó yìí kí wọ́n tó ra aṣọ òfì fún ìdúpẹ́. Bí èsì bá ti dé, obìnrin náà yóò máa padà wá fún àyẹ̀wò fún ọdún púpọ̀. Ìda tí ẹran náà wà nínú rẹ̀ yóò sì wà ní ìpamọ́, kí dókítà mìíràn lè tún ré e wò bí kókó bá tún yọ.