Ẹrù Orí Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, sátẹ́láìtì Nàìjíríà méjì, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X, gbéra láti inú kòtò jíjìn kan ní Yasny, ìlú kékeré kan ní Rọ́ṣíà tí kò jìnnà sí ẹnubodè Kazakhstan. Àwọn ọmọ ogun Soviet ló gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ láti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun pamọ́ sí, èyí tó lè ru àdó olóró átọ́míìkì mẹ́wàá dé Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun yẹn náà ló gbé ẹrù Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti yọ àdó kúrò lórí rẹ̀, wọ́n to sátẹ́láìtì sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dnepr.

Bó ṣe ń gbéra fi iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é hàn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gùn ju mítà 30 lọ, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 200 lọ, síbẹ̀ kì í daná nínú kòtò. Ẹ̀tù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jó, tí èéfín gbígbóná á sì ti odindi rẹ̀ jáde, bí ẹmu tó ń hó ṣe ń ta ìdérí ìgò dànù. Ó ti yọ sókè tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́, kí iná tó sọ nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ológun ṣe fẹ́ ẹ, kí iná má baà ba kòtò jẹ́.

Àdéhùn ló sọ ohun ìjà yìí di ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọdún 1991, Amẹ́ríkà àti Soviet fẹnu kò pé kí wọ́n dín ohun ìjà olóró kù, Soviet sì ní láti mú irú rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá yìí kúrò ní 308 wá sí 154. Dípò kí wọ́n fọ́ gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù, àwọn ará Rọ́ṣíà àti Ukraine dá ilé-iṣẹ́ okòwò kan sílẹ̀ ní 1997, wọ́n pè é ní Kosmotras, wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun náà gbé ẹrù oníbàárà títí di 2015. Sátẹ́láìtì Ukraine wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ti Nàìjíríà lọ́jọ́ yẹn. Ta ló lè rò ó nígbà náà pé orílẹ̀-èdè méjèèjì tó jọ ń ṣòwò rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí yóò máa ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lu ara wọn láàárín ọdún mọ́kànlá péré?

Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun àti ti àlàáfíà. Àdá tí àgbẹ̀ fi ń ṣán oko náà ni wọ́n ń gbé jáde nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí sátẹ́láìtì tó lè máa yí ayé po láìjábọ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bíi 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Eré tí àdó olóró ń sá láti ilẹ̀ kan dé òmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìyẹn. Òun kàn ń padà wá sílẹ̀ ni. Rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 tí Jámánì fi ń lu London ní 1944 ni ohun àfọwọ́ṣe àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú. Ohun ìjà ni R-7 tó gbé Sputnik lọ ní 1957. Bákan náà ni Kosmos-3M tó gbé NigeriaSat-1 ní 2003, àti ìdílé rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà tó gbé NigComSat-1 ní 2007: rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tó tuntun ni pé aládàáni náà ti wá ń ṣe é. Áfíríkà sì ti fojú ara rẹ̀ rí wàhálà tó wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní 1975, ẹnjinníà ọmọ Jámánì kan, Lutz Kayser, dá ilé-iṣẹ́ OTRAG sílẹ̀ láti máa ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa di páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ bí òṣùṣù ọwọ̀: bí ẹrù bá ṣe wúwo sí ni páìpù á ṣe pọ̀ sí. Ààrẹ Mobutu fi ilẹ̀ kan háyà fún un ní Shaba, ní Zaire, nǹkan bí 100,000 kìlómítà níbùú lóòró, tó fẹ̀ ju ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lápapọ̀. Wọ́n ta rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní oṣù Karùn-ún, 1977. Ní oṣù Kẹfà, 1978, wọ́n ta òmíràn lójú Mobutu, ìyẹn sì yà bàrá, ó já bọ́.

Kò sí ẹ̀rí pé Kayser ń ṣe ohun ìjà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Angola tó múlé gbe Zaire ń pariwo. Soviet ní Jámánì, tí àdéhùn kò gbà láyè láti ṣe irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀, ló fara pamọ́ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ní 1979 Mobutu lé wọn. OTRAG kó lọ sí Libya, ó sì ta rọ́kẹ́ẹ̀tì ní aṣálẹ̀ ibẹ̀ ní 1981. Níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn ti fẹ́ di òtítọ́, nítorí ìjọba Gaddafi gbẹ́sẹ̀ lé irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Irú nǹkan báyìí wà lára ohun tó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe àdéhùn ní 1987 pé àwọn kò ní máa ta ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè gbé 500 kìlógíráàmù dé 300 kìlómítà fún ẹni tó bá ṣáà wù ú.

Àwọn tó wá lẹ́yìn Kayser kò sá fún ológun ní tiwọn. Wọ́n fi wọ́n ṣe oníbàárà ni. Elon Musk kọ́kọ́ lọ sí Moscow láti ra rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun àtijọ́ irú Dnepr. Owó tí wọ́n pè kò bá a lára mu, ó padà sílé, ó sì dá ilé-iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, SpaceX, sílẹ̀ ní 2002. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà ló sanwó ìgbà méjì àkọ́kọ́ tó gbìyànjú láti ta rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 1, ní erékùṣù kan lábẹ́ àkóso àwọn ọmọ ogun. Ìgbà kẹrin ló tó yọrí sí rere, ní oṣù Kẹsàn-án, 2008. Ní 2014 ilé-iṣẹ́ náà pe ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ pé wọn kò jẹ́ kí òun náà du iṣẹ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà á láyè.

Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ wà lára àwọn tó jàǹfààní rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé sátẹ́láìtì rẹ̀, NigeriaEduSat-1, lọ láti Florida. Àpótí kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gbogbo ìhà, kò tó kóńgò gàrí kan, ó sì bá ti Gánà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn rìn. Oṣù kan ṣáájú, láti orí pèpéle kan náà, irú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ti gbé NROL-76, sátẹ́láìtì àwọn amí Amẹ́ríkà.

Ní abúlé oko, ní Ọlọ́runṣògo àti irú àwọn ìletò bẹ́ẹ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ohun tó so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ènìyàn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oṣù Kìíní, 2023 ni Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tí í ṣe ti SpaceX, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, kó tó dé orílẹ̀-èdè mìíràn kankan ní Áfíríkà. Àwo funfun pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n á gbé e sórí òpó irin, wọ́n á fa wáyà wọlé, wọ́n á so ó mọ́ sólà tàbí jẹnẹrétọ̀. Kò wá òpó MTN. Ojú ọ̀run tó mọ́ ló ń wá, bí ewé máńgòrò bá ṣíji bò ó, á máa já. Sátẹ́láìtì tó ń bá sọ̀rọ̀ wà lókè ní nǹkan bí 550 kìlómítà, nígbà tí NigComSat wà ní nǹkan bí 36,000.

Irú àwo yìí kan náà làwọn ọmọ ogun Ukraine ń lò lójú ogun láti 2022, tí wọ́n fi ń darí dúróònù. Nígbà tí wọ́n ní kí Musk ṣí i sílẹ̀ dé Crimea kí àwọn lè kọlu ọkọ̀ ojú omi Rọ́ṣíà, ó kọ̀. Láyé R-7, ìjọba ló ń pàṣẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbí, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ló pàṣẹ. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2023 àwọn ológun rẹ̀ bá Starlink ṣe àdéhùn fún Ukraine, SpaceX sì ti ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ fún ìjọba, Starshield.

Òfin àgbáyé lórí òfuurufú, tó ti wà láti 1967, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, sọ pé ohun tí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá ṣe lókè, ọrùn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló wà. Ó ka gbígbé àdó átọ́míìkì kọ́ òfuurufú léèwọ̀. Kò ka rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tó kàn gba ibẹ̀ kọjá léèwọ̀, kò sì sọ pé kí ológun má fi sátẹ́láìtì ṣe amí.

Ẹ̀ka kan lábẹ́ àjọ òfuurufú Nàìjíríà wà ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kékeré ni wọ́n ṣì ń dán wò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí tó lè gbé 500 kìlógíráàmù dé 300 kìlómítà, yóò ti wọ ìlà tí wọ́n fà ní 1987, ìbáà jẹ́ kóńgò gàrí ni wọ́n gbé lé e lórí.