Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìkànnì tó wu ojú, tó sì wúlò

Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ojoku fẹ́ ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa ṣí i? Ọmọ ìlú tó wà l'Ọ́fà, l'Ékòó tàbí lókè òkun ni, fóònù ni púpọ̀ nínú wọn á sì fi ṣí i. Orí fóònù kékeré ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fọ́tò ló ń jẹ dátà jù. Ẹyọ kan látinú fóònù tuntun lè tó 4MB. Ẹ dín in kù sí nǹkan bí 200KB. Ojú ò ní mọ ìyàtọ̀, àpò ló máa mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni lẹ́tà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ní ẹ, ó ní é, àmọ́ kò ní ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo: ẹ ló ń ṣáájú, àmì á wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí ò mọ èyí á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Noto Sans ti Google ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní ti ohun tó yẹ kó wà lókè ojú ìwé, ẹ wo YorubaName.com, àká orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀: àpótí tí wọ́n ti ń wá orúkọ ló kọ́kọ́ ń pàdé àlejò, torí ohun tó bá wá nìyẹn. Lórí ìkànnì ìlú, ọjọ́ ìpàdé àti nọ́ńbà akọ̀wé ló yẹ kó wà lókè, kéèyàn tẹ nọ́ńbà náà, kí fóònù akọ̀wé sì máa dún. Ọ̀rọ̀ ìkíni alága lè wà nísàlẹ̀.