BISIKÍÌTÌ Ẹ̀GẸ́ ÀTI Ẹ̀PÀ: ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Ní Oṣù Kìíní ọdún 1987, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé. Ọdún 1992 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ojú àwọn oníbúrẹ́dì rí nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kún oko wa ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà.

Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ nìkan kì í wú bíi ti àlìkámà, ṣùgbọ́n kò di dandan kí bisikíìtì wú. Kì í ṣe láfún o, láfún ti kan. Ẹ rin ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ tẹ omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sá a gbẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyẹ̀fun ife 2, ṣúgà àbọ̀ ife péré, bọ́tà àbọ̀ ife, ẹyin 2. Bí owó bá wà, ẹ fi óòtì àti ṣokoléètì díẹ̀ kún un. Ẹ gún ẹ̀pà àti kajú yíyan wẹ́wẹ́ sí i, kí ó lè máa dún lẹ́nu. Ẹ yan án títí yóò fi pọ́n.

Ẹ ṣa ẹ̀pà tó bá ti bu dànù! Oró rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á tán. Ohun tí a ò lè fún ọmọ tiwa jẹ, ẹ má jẹ́ ká tà á fún ọmọ ọlọ́mọ.