Ẹ̀rọ Kò Mọ Ìtìjú: Èrò Wa Lórí Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà àti Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

  Rundle ni àwa tí à ń kọ èyí ń gbé, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú Calgary. Láti ọdún 1985 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rí ọjà ńlá Sunridge àti ilé ìwòsàn Peter Lougheed nítòsí. Àwa tí à ń lọ sí Yunifásítì máa ń wọ ọkọ̀ yìí dé àárín ìlú, kí á tó bọ́ sí òmíràn tí ó forí lé ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Inú ọkọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa mẹ́rin tí à ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jókòó pọ̀. Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ tí àwọn òbí wa ta ilẹ̀ kí á lè wá kọ́ yìí kò ní tán nílẹ̀ kí á tó gba ìwé ẹ̀rí?" Kò sí ẹni tí ó rí i dá lóhùn. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni gbogbo ayé ti ń rí i pé ẹ̀rọ lè kọ kóòdù fúnra rẹ̀, tí ó sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ ohun tí àwa máa ń fi odindi ọjọ́ kọ. Ìbéèrè yẹn ni ó mú wa kọ èyí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń gba oorun lójú wa.

Kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́, nítorí àwọn ará wa tí ó ń kọ́ òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìṣirò owó. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí. Odidi ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún un, bí a bá sì fi ẹyọ kan sílẹ̀, ibi tí a fi sílẹ̀ gan-an ni yóò ti ṣubú. Bí ẹ bá rán ọmọ yín ní iyọ̀, tí ẹ kò sì sọ ohun tí yóò ṣe bí kò bá sí iyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ yóò padà wá sọ fún yín. Kọ̀ǹpútà lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ ètò fún un ni kí ó ti ronú ṣáájú nípa gbogbo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ ní odidi.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ti rò. Àmì méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀, 0 àti 1. Bí a bá to mẹ́jọ nínú wọn pọ̀, ọ̀nà 256 ni a lè gbà tò wọ́n. Babaláwo náà, àmì méjì ni ó ń tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn, yálà ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́ kí odù kan tó pé. Ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 256. A kò sọ pé Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé nígbà tí odù bá jáde, iṣẹ́ kò tíì parí. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ Ifá, ẹni tí ó wá dá Ifá yóò sì tẹ́tí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Àmì a máa jáde, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òun.

Ẹkùn Alberta tí a wà yìí kò kẹ́yìn nínú ìtàn iṣẹ́ yìí. James Gosling, ẹni tí ó dá èdè Java sílẹ̀, ẹ̀bá Calgary níbí ni wọ́n bí i sí ní 1955, Yunifásítì Calgary ni ó sì ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1977. Ní Edmonton, Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò kan tí ń ta dráàfù ní 1989. Wọ́n sọ ọ́ ní Chinook, orúkọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó máa ń wá yọ́ yìnyín wa lójijì láàárín ọ̀gìnnìtìn. Ní 1994 ètò yìí di ọ̀gá àgbáyé nínú dráàfù olójú 64. Ní 2007 wọ́n kéde pé àwọn ti wá ìdí eré náà dé òpin: bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni yóò máa já sí. Ní yunifásítì kan náà ni Richard Sutton wà, ẹni tí òun àti Andrew Barto jọ gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2024 lórí ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń kọ́gbọ́n láti inú èrè àti àdánù. Ní ọdún 2024 bákan náà ni Geoffrey Hinton ti Toronto wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ayé ń sọ lónìí yàtọ̀ sí ti dráàfù. Wọ́n kó ìwé tí kò lóǹkà fún ẹ̀rọ. Ó ń wo bí ọ̀rọ̀ ti ń tẹ̀ lé ara wọn nínú wọn, ó sì ń fi ìyẹn mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé èyí tí a bá sọ. Nítorí náà, ó wá dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ti di ọmọlúàbí: a sọ ààbọ̀, ó sọ ọ́ di odidi. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ààbọ̀ tí ó fi kún un kò ti inú wa wá. Inú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ni ó ti mú un, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tí ojú wa rí.

Màmá kan wà ní Rundle tí ó ń kó àjọ. Ogún ni àwa tí à ń dá a, dọ́là 100 lóṣù, ẹni tí ó bá kàn yóò kó 2,000. Ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já ni Màmá ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Àwa ọlọ́gbọ́n ní ayé ti kọjá ìyẹn. A sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó bá wa kọ ètò tí yóò máa ṣọ́ ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san, tí yóò máa sọ ẹni tí ó kàn láti kó owó, tí yóò sì máa rán àwọn ajẹgbèsè létí. Láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, ó parí. A dán an wò pẹ̀lú orúkọ wa, ó ṣiṣẹ́. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa.

Ní oṣù kẹta, ètò náà fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa pé arábìnrin kan jẹ gbèsè oṣù méjì, nítorí náà ó fò ó, ó sì pe ẹni tí ó tẹ̀ lé e láti wá kó owó. A fún ẹni náà lówó, ó sì fi í ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kejì. Arábìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ òru lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, owó ilé ìwé rẹ̀ ni ó fẹ́ fi owó náà san, ọjọ́ mẹ́rin ni ó sì kù fún un. Ojú iṣẹ́ ni ó ti ka ìkéde náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Màmá ni ó pè, tí ó ń sunkún pé òun kò jalè rí. Màmá ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé tèmi kò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó san owó. Ọmọ yìí san án. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbà á."

A jókòó ti kóòdù náà di òru. Ohun tí a rí nìyí. Orúkọ arábìnrin náà ní "ọ́" nínú. Nínú ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń kọ lẹ́tà, "ọ" ní àyè tirẹ̀, "ó" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní àyè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. A lè kọ "ọ" kí á fi àmì òkè sí i; a lè kọ "ó" kí á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i; a sì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí "o" lásán kí á fi méjèèjì kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wa fi fóònù tirẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ètò, ẹlòmíràn fi fóònù mìíràn kọ owó tí ó san. Kọ̀ǹpútà sọ arábìnrin kan di méjì: ọ̀kan ń sanwó, èkejì ń jẹ gbèsè. Orúkọ tiwa tí a fi dán an wò kò ní àmì, nítorí ọ̀lẹ kò jẹ́ kí á fi í sí i.

Nígbà tí a bi ẹ̀rọ léèrè bí a ó ti tún un ṣe, kíá ni ó dáhùn. Ìlà kan péré ni. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sọ fún un, ó sì fi ààbọ̀ tirẹ̀ kún un bí ẹni pé bí orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ni orúkọ gbogbo ayé rí. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà ni ó yẹ kí á sọ ọ́.

Àwa mẹ́rin dá 500 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan kí arábìnrin náà lè sanwó ilé ìwé lọ́jọ́ tí ó pé. A gba owó wa padà nígbà tí ó tó àsìkò ẹni tí ó ti kó o ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni ó le jù. A lọ dọ̀bálẹ̀ nílé rẹ̀. Ètò tí ó dójú tì í kò lè bá wa lọ. Kò mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àjọ kékeré nìyí. Ní 2022, ọkùnrin kan tí ìyá ìyá rẹ̀ tàbí ìyá bàbá rẹ̀ kú ní Kánádà yìí bi ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè fún Air Canada nípa owó ọkọ̀ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ̀rọ náà sọ ohun tí kò bá òfin ilé iṣẹ́ náà mu. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ ní British Columbia, wọ́n fẹ́ kí á gbà pé ẹ̀rọ náà ni ó ni ẹjọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ìgbìmọ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì ní kí ilé iṣẹ́ náà san owó tí ó lé ní 800 dọ́là.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì burú ju ìyẹn lọ. Láti 1999 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Horizon ti wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn. Ó ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó àwọn ẹ̀ka kéékèèké, nígbà tí owó kò dín. Ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin tó ṣe òfin tí ó pa ìdálẹ́bi wọn rẹ́. Kò sí ọgbọ́n àtọwọ́dá kankan nínú èyí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ọmọ ènìyàn lọ, kò sì sí Màmá kan níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kí ó ṣí ìwé rẹ̀.

Kí wá ni ìdáhùn sí ìbéèrè inú ọkọ̀ wa? A kò lè búra pé iṣẹ́ títẹ kóòdù kò ní dín kù. Ṣùgbọ́n títẹ ni ó lè dín kù. Mímọ odidi ọ̀rọ̀ kò lè dín. Bí ẹ̀rọ bá ti ń kọ̀wé kíákíá tó ni a ó nílò ẹni tí yóò lè kà á, tí yóò mọ ohun tí ó fi sílẹ̀, tí yóò sì mọ irú ènìyàn tí ó fẹ́ lò ó. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí ọwọ́ yín yóò fi rọ. Ẹ má ṣe gbé ètò tí ẹ kò lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn lò.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe iṣẹ́ yín, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Láti oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Yorùbá ti wà lára àwọn èdè tí Google ń túmọ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kóra jọ lábẹ́ orúkọ Masakhane, tí David Adelani tí ó wà ní Yunifásítì McGill ní Montreal jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbé iṣẹ́ MasakhaNER jáde ní 2021 kí ẹ̀rọ lè dá orúkọ ènìyàn àti ti ìlú mọ̀ nínú èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò rí kọ́. Bí a bá ń kọ lẹ́tà sílé láìsí àmì, bí a bá ń kọ orúkọ ara wa bí ẹni tí ó ń tijú rẹ̀, kí ni a fẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ nípa wa?

Ètò àjọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè fi ìkéde ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi sí Màmá nìkan, òun ni yóò wo ìwé rẹ̀ kí ó tó pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Arábìnrin wa sì ti wọ ọdún kejì ní ilé ìwé. Ní ìpàdé tí ó kọjá, a bi í bí a ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ wa, ó sì fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i.