Bíréèkì tó ń ké: kí ló ń sọ?

Tí ẹ bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ìwó Road ní aago méje àárọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Yàtọ̀ sí ohùn àwọn tó ń pe èrò Gate àti Ọjọ́ọ̀, ẹ ó gbọ́ nǹkan mìíràn: fíìììn! Micra kan ló fẹ́ já èrò. Fíìììn! Òmíràn tún dúró. Ó ti mọ́ wa létí débi pé a ò kà á sí mọ́.

Ọkọ̀ tèmi náà ń ké báyẹn lọ́dún tó kọjá. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó tú táyà iwájú, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Àbúrò, irin kékeré yìí ló ń dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ n bá yín yọ ọ́." Ó ṣẹ́ irin náà dànù. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo lọ.

Agogo ìkìlọ̀ ló ṣẹ́ dànù yẹn o.

Ẹ wò ó, díìsì ni àwo irin tó ń bá táyà yí. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti pádì méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá ìta, wọ́n á fún un mọ́ àárín. Agbára eré tí ọkọ̀ ń sá á di ooru, pádì á sì máa tán díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ ìwẹ̀. Pádì tuntun máa ń nípọn tó bíi mìlímítà 10. Àwọn tó ń ṣe é a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá ku bíi mìlímítà 2 sí 3, irin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha díìsì, á máa han gooro. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè dí yín létí.

Báwo ni ohùn ṣe ń jáde lára irin? Ẹ ronú nípa ẹni tó ń ta gòjé. Irun ẹṣin ara ọrun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ okùn, á yọ̀, á tún lẹ̀, á tún yọ̀, kíákíá, okùn á sì máa gbọ̀n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín pádì àti díìsì náà nìyẹn. Tí ìgbọ̀n yẹn bá ti ju 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fíìììn ló máa ń dún létí wa. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí Frederick Lanchester, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì díìsì ní 1902, bàbà ló fi ń fún díìsì, ariwo rẹ̀ ò sì ṣe é gbé etí sí. Ní 1907, Herbert Frood dábàá pé kí wọ́n fi asbestos bo ojú pádì, ariwo sì rọlẹ̀. (Asbestos ọ̀hún ló wá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì, ẹ jọ̀ọ́.)

Kì í ṣe gbogbo igbe ló ní kẹ́ ẹ ra pádì o. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bo díìsì. Ẹ tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, á ti lọ. Eruku ọyẹ́ náà lè fà á. Àmọ́ tó bá ń ké lójoojúmọ́, tí kò lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tèmi ò ké mọ́, torí náà mi ò yẹ nǹkan kan wò. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó lọ sí Bẹẹrẹ, mo gbọ́ gùrùrùrù, bí ìgbà téèyàn ń lọ òkúta lórí ọlọ. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí bíréèkì. Ọkọ̀ fà sápá òsì, kò sì tètè dúró. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n kó sẹ́yìn ọkọ̀ èrò tó wà níwájú mi. Pádì ti tán pátápátá. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń họ díìsì. Bó ṣe di pé mo ra díìsì méjì mọ́ pádì nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé pádì nìkan ni mi ò bá rà.

Bàbá tó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ gbé pádì méjèèjì sí mi lọ́wọ́. Ti ìta ṣì nípọn díẹ̀, ti inú ni kò sí mọ́, torí eruku ti jẹ́ kí irin tó yẹ kó máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ há. Bàbá ní, "Ẹni tó wo ti ìta nìkan ò tíì wo nǹkan kan."

Ní báyìí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń yọjú sínú ihò rímù. Káàdì ATM mẹ́rin téèyàn tò lérí ara wọn tó mìlímítà 3. Tí pádì, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀, bá ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, ó ti tó pààrọ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa wo ọ́ìlì bíréèkì náà: bí pádì ṣe ń tán ló ń lọ sílẹ̀, ẹni tó bá kàn ń bu kún un ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Bíréèkì ẹ̀yìn Micra kò ní díìsì, inú dúróòmù ni tirẹ̀ wà, a fi kí wọ́n tú u kẹ́ ẹ tó rí i.

Nígbà tí mo lọ ra pádì ní ọjà Àràròmí ní Gate, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi. Mo ṣí páálí wọn. Méjì ò ní irin ìkìlọ̀ rárá. Wọ́n á tán láìsọ̀rọ̀. Mo mú ẹ̀kẹta.